Pupa àti Àwọ̀ Ewé Lójú Bàbá Ìbejì

Ní ọ́fíìsì kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bàtà, níbi tí àtẹ̀gùn onípákó ti máa ń ké bí arúgbó tí eegun ń ro, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ká-Tún-Un-Wò. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Bí iṣẹ́ bá ti parí, tí gbogbo èèyàn ti ń na ara, tí wọ́n ń wá báàgì wọn, òun á ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè orí, á tún fà á wálẹ̀ sójú, á wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé, "Kò burú o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún un wò." Àwọn tó kù á mí kanlẹ̀, wọ́n á tún jókòó. Nílé, Bàbá Ìbejì ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Orúkọ yẹn ló fẹ́ràn jù, òun náà la ó sì máa pè é.

Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú díẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fi tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní í gbọ́ ohùn kankan. Èjìká yẹn nìkan lẹ máa rí tó ń mì. Kì í bínú, tàbí ká kúkú sọ pé bó bá bínú, inú ara rẹ̀ ló ń bínú sí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà náà ni pé wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń to orúkọ aláìsàn, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn pé ọ̀la ni kí lágbájá wá, ọ̀tunla ni kí tàmẹ̀dò wá. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ńṣe ni gbogbo wọn ń da ọwọ́ bo ìwé kan ṣoṣo. Rárá o. Bí ọwọ́ gbogbo èèyàn bá wọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọbẹ̀ á dà nù ni. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ gangan ni wọ́n ń pè ní ìyá igi. Ẹni tó bá fẹ́ tún apá kan ṣe á ya ẹ̀ka tirẹ̀ lára ìyá igi. Ìyẹn ni pé á ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á wá máa ṣe é bó ṣe wù ú níbẹ̀. Bó bá bà á jẹ́, ẹ̀ka tirẹ̀ ló bà jẹ́, ìyá igi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó bá gún régé tán ni wọ́n á tó dá a padà sára ìyá igi.

Bàbá Ìbejì ni ẹni tó ń dá a padà. Á ṣí ẹ́dítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sójú kọ̀ǹpútà, á fi ẹ̀ka tuntun wé ìyá igi, ìlà sí ìlà, kó lè rí ohun tó kúrò àti ohun tó wọlé. Ẹ́dítọ̀ tó ń lò ti dàgbà. Kò lẹ́wà, kò sì ní ariwo. Ìlà tí wọ́n yọ kúrò, àmì ìyọkúrò á wà níwájú rẹ̀. Ìlà tí wọ́n fi kún un, àmì ìròpọ̀ á wà níwájú rẹ̀. Ó tán. Bí ẹja bá wà nínú omi, Bàbá Ìbejì á rí i níbẹ̀. Àṣìṣe tó bá fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á ti mú oúnjẹ dání.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ níbi iṣẹ́ yẹn: ojú Bàbá Ìbejì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé.

Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́mọdé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, nítorí àwọ̀ mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu ìyá àgbà: pupa, funfun, dúdú. Ewé dúdú, aṣọ aró dúdú, òru náà dúdú. Kí ló tún kù? Ilé ìwé ló tú àṣírí. Olùkọ́ ní kí wọ́n ya igi, kí wọ́n fi pẹ́ńsù aláwọ̀ kùn ún. Ó ya igi tó dára, ó kun gbogbo ewé rẹ̀ ní pupa fòò. Olùkọ́ gbé ìwé náà sókè, ó ní, "Ta ló dáná sun igi yìí?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí àga fi ń wó. Láti ọjọ́ náà lọmọ náà ti pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Bí wọ́n bá ní kó mú ife pupa wá, á dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ na ọwọ́.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló jádìí ọ̀rọ̀ náà. Aránṣọ ni, ìgbà tí wọ́n sì ń fẹ́ra wọn sọ́nà ló rán an níṣẹ́ òwú. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wà lórí ẹ̀rọ, òwú pupa ni ọkọ ìyàwó lọ́la mú dé, tòun ti ẹ̀rín músẹ́, bí ẹni tó ṣe é re. Ọmọbìnrin náà fi òwú lé aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín, ó dá ẹnu dúró. Ó fà á jókòó, ó ní, "Ó dáa, ẹ sọ fún mi. Báwo ló ṣe rí lójú yín?" Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn lòun mọ̀ pé òun ti rí aya.

Nígbà tí wọ́n wá bí ìbejì ọkùnrin, àwọn ọmọ náà jọra bí ẹyin tí adìyẹ kan yé. Ìyá wọn rán fìlà fún wọn kí àlejò má bàa ṣì wọ́n pè: pupa fún ọ̀kan, àwọ̀ ewé fún èkejì. Gbogbo ará ilé yìn ín. Àfìgbà tó rán an tán ló wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Háà, Bàbá Ìbejì, mo gbàgbé yín." Ọkọ rẹ̀ ní kò sí nǹkan. Ó kúkú jókòó ti àwọn ọmọ náà, ó ń wò wọ́n. Ó rí i pé ọ̀kan máa ń ká àtàǹpàkò mọ́nú ọwọ́ bó bá ń sùn, pé èkejì máa ń la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀. Ó rí i pé etí òsì ọ̀kan tẹ̀ lókè bí ewé tí èèyàn fi ìka tẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ náà gbọ́n tán, tí wọ́n ń pààrọ̀ fìlà láti fi tan ìyá wọn àti gbogbo àdúgbò jẹ, bàbá wọn nìkan ni wọn ò rí tàn jẹ títí wọ́n fi dàgbà kúrò nílé.

Nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Mànàmáná fi dé.

Ọmọbìnrin ni, kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀wé sórí kọ̀ǹpútà lójú wọn ni ọ̀gá pè é ní Mànàmáná, nítorí ìka rẹ̀ yára bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ. Ó yára, ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ mú, ọkàn rẹ̀ sì mọ́. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ́dítọ̀ Bàbá Ìbejì bí ẹni ń wo ọkọ̀ tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ́dítọ̀ yìí, ṣé Nóà ló gbé e jáde nínú ọkọ̀ fún yín?"

Èjìká Bàbá Ìbejì mì. "Òun náà ló fi ka àwọn ẹranko kí ìkankan má bàa ṣẹ́kù sẹ́yìn, àbúrò mi."

Àmọ́ Mànàmáná ò fi mọ sí àwàdà. Ó lọ bá ọ̀gá, obìnrin gíga kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní ó yẹ kí gbogbo àwọn máa lo ẹ́dítọ̀ kan náà, èyí tó jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ó fi hàn wọ́n lójú ògiri. Ẹ̀ka méjì máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀ bí ojú ìwé méjì tí èèyàn ṣí sílẹ̀, ìyá igi lósì, ẹ̀ka tuntun lọ́tùn-ún. Ohun tó kúrò ń tàn ní pupa, ohun tó wọlé ń tàn ní àwọ̀ ewé. Kò sí àmì kankan mọ́, àwọ̀ lásán ni. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Èyí rèé! Ojú ò tilẹ̀ ní láti ṣiṣẹ́ mọ́."

Bàbá Ìbejì wo ògiri. Pupa ò sí níbẹ̀, àwọ̀ ewé ò sì sí níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rí bí omi ẹrẹ̀, ọ̀kan bí èkejì. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó tilẹ̀ la ẹnu. Àmọ́ ó bojú wo gbogbo wọn bí inú wọn ṣe ń dùn, kíláàsì ìgbà yẹn bá padà wá sí i lọ́kàn, tòun ti àga tó ń wó. Ó ní, "Ó dáa gan-an."

Ó wá ń fi ọgbọ́n gbé e. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni ti àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni ti tuntun, nítorí náà ó ń ka ọ̀rọ̀, kò wo àwọ̀. Ó ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orí ń fọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Mànàmáná rò pé ṣe ló ń ṣe ìlọ́ra nítorí wọ́n gba ẹ́dítọ̀ Nóà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ tí kì í dún.

Ibì kan ṣoṣo ni ọgbọ́n yẹn ò dé. Bí ẹni méjì bá tún ìlà kan náà ṣe nínú ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ́dítọ̀ tuntun náà ò ní gbé wọn sí òsì àti ọ̀tún mọ́. Ńṣe ló máa to méjèèjì léra wọn lójú kan, á sì bi èèyàn pé: èwo la ó mú? Àwọ̀ nìkan ló sì ń fi hàn èyí tó jẹ́ ti ta.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn kan ní kí wọ́n pín ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: kí tàwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ dá wà lọ́tọ̀, kí tàwọn àgbàlagbà tó ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò dá wà lọ́tọ̀. Mànàmáná ṣe é nínú ẹ̀ka tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì mọ́ tónítóní. Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ti tún àwọn ìlà yẹn kan náà ṣe nínú ẹ̀ka mìíràn, ó kàn tún bí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣe ń dún lẹ́nu ṣe ni. Nígbà tó fẹ́ dá méjèèjì padà sára ìyá igi, wọ́n forí sọ ara wọn. Ẹ́dítọ̀ to wọn léra. Bàbá Ìbejì ti gíláàsì sókè, ó fà á wálẹ̀. Ó tún un wò. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú ti rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án yẹn, àwọn ọ̀rọ̀ inú ìlà méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó mú èyí tó rò pé ó jẹ́ ti Mànàmáná, ó pa èkejì rẹ́. Ti Mànàmáná ló pa rẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ nìkan ló sì kù tí ètò náà á máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù ọ̀gá ò sinmi. Gbogbo arúgbó àdúgbò ilé ìwòsàn náà ló gba ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù: "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá ọmọ. Ẹ má gbàgbé láti gbé ọmọ yín wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ fún un lọ́mú dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé."

Àwọn kan bínú, wọn ò wá rárá. Àwọn kan wá tìbínú-tìbínú. Àmọ́ bàbá arúgbó kan wà tó gba ìwé gbọ́, tó sì gba ìjọba gbọ́. Bàbá yìí fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá lóòótọ́. Ọmọ náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó sì ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ gidi, ó ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má bínú. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló fóònù. Kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, a ti gbé ọmọ yín sórí òṣùwọ̀n o. Òṣùwọ̀n wa ò gbé e."

Ẹ̀rín tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ò dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn. Mànàmáná ṣí ìtàn ẹ̀ka náà, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe ohun kọ̀ọ̀kan sí. Ó rí i pé iṣẹ́ òun ò sí mọ́, àti ọwọ́ tó pa á rẹ́. Ó yí àga rẹ̀ padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́."

"Èmi ni," ni Bàbá Ìbejì wí. "Má bínú. Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe? Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo nǹkan títí ilẹ̀ á fi ṣú mọ́ wa lórí?" Ó nàka sí kọ̀ǹpútà. "Tiyín lẹ mú, tèmi lẹ jù nù. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti mú ẹ́dítọ̀ yẹn wá ni inú yín ò ti dùn sí mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ó tó," ni ọ̀gá wí. Ó yíjú sí Bàbá Ìbejì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bàbá Ìbejì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Mo ṣì í mú ni, ọ̀gá." Ọ̀gá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí Mànàmáná máa bá wọn dá ẹ̀ka padà fún ìgbà díẹ̀ ná, kí ẹ̀gbọ́n sinmi. Ẹ mọ bí "ẹ sinmi" ṣe máa ń rí létí ẹni tí kò sọ pé ó rẹ òun.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán etí aṣọ. Kò béèrè nǹkan kan títí ó fi já òwú. Ó kàn wo bó ṣe bọ́ bàtà, tó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó tún wọn tò.

"Bàbá Ìbejì, ta ló fi ojú yín gbálẹ̀ báyìí?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tó dé ibi bàbá arúgbó àti ọmọ rẹ̀ onírùngbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ bo ẹnu, ara rẹ̀ ń mì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n jọ mì títí. Lẹ́yìn náà obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó sì le ohùn.

"Ẹ ò wá sọ fún wọn."

"Kí n sọ fún wọn pé kí ni? Pé àgbàlagbà bíi tèmi ò mọ pupa? Ọjọ́ orí mi kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní pupa."

"Ẹ gbọ́. Oníbàárà mi kan wà tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Bó bá sọ fún mi, mo máa gé aṣọ tó máa bá a mu. Bí kò bá sọ, aṣọ á wọ́, á sì máa sọ kiri pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n rán. Ọmọbìnrin yẹn ò mọ èjìká yín, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin lẹ fi pa mọ́ fún un. Ẹ wá jẹ́ kó lọ sílé, kó máa rò pé ẹ kórìíra òun." Ó fi ọwọ́ lé orókún rẹ̀. "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kí tiyín bá yín dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin náà ló wọ̀ ọ́ lára jù. Kò tilẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó bọ́ kóòtù rẹ̀ pàápàá, ó dúró láàárín ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mo fẹ́ sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kó tó di pé ojú ń tì mí. Ojú mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Láti kékeré ni. Nínú ẹ́dítọ̀ tuntun yìí, ohun tó kúrò àti ohun tó wọlé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Ìdí tí mo fi ṣi iṣẹ́ àbúrò mi mú nìyẹn. Kì í ṣe ìkórìíra. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́."

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi tí mo tún sọ pé ojú ò ní láti ṣiṣẹ́ mọ́."

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ohun tó máa ń tẹ̀ lé e níbi gbogbo. Ẹnì kan gbé ife sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo ni ife yìí?" Ẹlòmíì na ẹsẹ̀ rẹ̀ tòun ti bàtà síwájú. Ẹnì kan lọ mú ìgbálẹ̀ wá. Gbogbo ọ́fíìsì di ọjà àwọ̀, wọ́n ń nà á sí i lójú bí ẹni ń tajà: "Èyí ńkọ́? Èyí ńkọ́?" Bàbá Ìbejì ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù, ó ń gbà á, ó ń ṣì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé kò dùn ún. Ẹ̀rín yìí ò jọ ti ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé ìgbálẹ̀ dé, ó ní, "Àwọ̀ yòówù kó jẹ́, ẹ lò ó sí abẹ́ tábìlì yín," ọ̀gá pàápàá bá fi ẹ̀rín dì mọ́ ògiri.

Mànàmáná nìkan ni kò gbé ife, tí kò gbé bàtà. Ó ti yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ Bàbá Ìbejì, ó fa àga kan dání. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, àmọ́ Bàbá Ìbejì ò lè mọ ìyẹn. Imú tó ń fà ló gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo sọ ìsọkúsọ."

"Ohun tí o rí lo sọ. Èmi ni mi ò jẹ́ kí o rí nǹkan míì."

"Ẹ jókòó tì mí, ẹ jọ̀ọ́." Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń yí àwọ̀ ẹ́dítọ̀ náà padà. "Ẹ má sọ fún mi pé ó dáa bí kò bá dáa o. Mo mọ̀ yín. Èyí ńkọ́?"

"Ẹrẹ̀ ni."

"Èyí?"

"Ẹrẹ̀ tí òjò rọ̀ sí."

Ó rẹ́rìn-ín láìtíì nu ojú. Ó ń yí i, wọ́n ń wò ó. Ó gbìyànjú èyí tó mọ́lẹ̀, ó gbìyànjú èyí tó ṣókùnkùn. Nígbà tó wá gbé búlúù sí ohun tó wọlé, tó gbé yẹ́lò sí ohun tó kúrò, tó tún dá àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò padà sí iwájú ìlà bíi ti ẹ́dítọ̀ Nóà, ó ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ gangan, èyí tí iṣẹ́ inú rẹ̀ ò dé ara ìyá igi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá igi.

Bàbá Ìbejì ti gíláàsì rẹ̀ sókè orí, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó rí òsì, ó rí ọ̀tún. Ó rí bí iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ṣe tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tó ti gé, ibi tó ti lẹ̀, bó ṣe rọra ya ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó kúrò lára tàwọn ọlọ́mọ láìfa ohunkóhun ya. Ó ti ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ látọjọ́ tó dé, àmọ́ kò tíì rí i rí.

"Ṣé bó ṣe ń rí lójú ẹ̀yin nìyí?" ló wá béèrè. "Látọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó mà lẹ́wà o." Ó sún mọ́ ọn. "Ìwọ ọmọ yìí. O mọ iṣẹ́."

Mànàmáná dìde, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi. Ó pẹ́ kó tó padà wá.

Wọ́n jọ dá ẹ̀ka náà padà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì níwájú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ọ̀gá sì ní kí wọ́n wo ètò tí wọ́n ń kọ fáwọn ilé ìwòsàn náà, níbi tí àmì pupa àti àwọ̀ ewé ti ń sọ ẹni tí dókítà ti rí àti ẹni tó ṣì ń dúró. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà yẹn ló fóònù lẹ́yìn náà. Ó dúpẹ́ lórúkọ dókítà wọn kan tí ojú tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, tó ti ń fọgbọ́n gbé e látọdún tó ti débẹ̀.

Bàbá Ìbejì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mànàmáná ò pe ẹ́dítọ̀ kankan ní ti Nóà mọ́, àmọ́ kò dẹ́kun àti máa kanra pé wọ́n ń pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyàwó Bàbá Ìbejì wọn èjìká rẹ̀, ó rán aṣọ fún un, ó sì ń bá a wá ọkọ láìjẹ́ pé wọ́n rán an níṣẹ́. Àwọn ìbejì dé nígbà kan, wọ́n gbìyànjú àtitan ọmọbìnrin náà jẹ. Wọ́n rí i tàn jẹ dáadáa.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ìlú mìíràn pe Mànàmáná síṣẹ́. Ọjọ́ tó ń lọ, ó sunkún lórí àtẹ̀gùn onípákó náà débi pé àwọn tó ń ta bàtà jáde wá wò ó. Bàbá Ìbejì ru àpótí rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ó ní kó máa jẹun.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan báyìí, Bàbá Ìbejì jókòó ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà lórí ẹsẹ̀, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ohùn Mànàmáná ń ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀ka méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ìkan ní yẹ́lò, ìkan ní búlúù. Mànàmáná ṣí àwọn ẹ̀ka yẹn kan náà lọ́hùn-ún. Nǹkan kan ló há a lọ́rùn níbi iṣẹ́ tuntun, òun ló sì ní kí ẹ̀gbọ́n bá òun wò.

"Ìlà yẹn ò yẹ kó wà níbẹ̀," ni Bàbá Ìbejì ń wí.

"Ó yẹ, ẹ̀gbọ́n! Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀!"

"Mo ti wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ gan-an ni mo ń bá wí."

Ohùn ti ń lọ sókè nínú fóònù. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti yàrá ìránṣọ, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Bàbá Ìbejì, ta lẹ ń bá jà láàárọ̀ yìí?"

"Ọmọ wa ni," ló dá a lóhùn, kò gbójú sókè. "Ó ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ó yẹ kó ti wálé."

"Ó ní ó yẹ kí o ti wálé," ló sọ sínú fóònù. Ó tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ó dáa, tún un kà sí mi létí láti òkè wá. Ká jọ wò ó, ìwọ alágídí."